Òdòdó Ẹlẹ́wà tí Isu Rẹ̀ Ní Oró

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, bí ẹ bá ń rin ilẹ̀ ọ̀dàn kọjá ní àsìkò òjò, yálà ní Danmagaji ní Zaria níhìn-ín tàbí ní Òkè Ògùn, ẹ lè rí ìtàkùn kan tí òdòdó rẹ̀ dà bí ọwọ́ iná. Gloriosa superba ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ilẹ̀ Áfíríkà àti ilẹ̀ Éṣíà ni ó ti ń hù. Òun ni òdòdó orílẹ̀-èdè Zimbabwe, àwọn mìíràn a sì máa gbìn ín sí iwájú ilé nítorí ẹwà rẹ̀. Ṣùgbọ́n isu rẹ̀ lè pa ènìyàn.

Bí a ṣe lè dá a mọ̀

1. Ewé: Ṣóńṣó ewé rẹ̀ gùn, ó sì ká bí ìwọ̀. Òun ni ó fi ń di igi mú gun òkè.

2. Òdòdó: Awẹ́ mẹ́fà ni ó ní, gbogbo wọn sì ká sẹ́yìn. Ìdí wọn rí bí àwọ̀ ìyeyè, orí wọn pupa.

3. Isu: Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì sábà máa ń tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́.

Ibi tí ewu wà

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìtàkùn náà a gbẹ, isu rẹ̀ a sì kù sínú ilẹ̀. Bí ọkọ́ bá hú u jáde, kò sí ewé tí yóò fi í hàn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé ànàmọ́ ni. Irú àṣìṣe yìí ti pa ènìyàn ní Sri Lanka. Oró inú rẹ̀, colchicine, a máa fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹni tí ó bá yè é lè rí i pé irun orí òun ń re. Sísè kò sọ ọ́ di oúnjẹ.

Lóòótọ́, àwọn dókítà ń fi ìwọ̀n kékeré colchicine wo oríkèé ríro, àwọn àgbẹ̀ Tamil Nadu ní Íńdíà sì ń gbin òdòdó yìí láti ta èso rẹ̀ fún àwọn tí ń ṣe oògùn. Ẹ má ṣe tìtorí èyí sè é mu nílé.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe

Ẹ fi nǹkan bọ ọwọ́ kí ẹ tó kó isu náà, kí ẹ sì rì í sínú kòtò jíjìn. Ẹ má jù ú fún ewúrẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ ẹ́, ẹ má dúró ti epo pupa. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú isu náà dání.

Ní àsìkò òjò tí òdòdó rẹ̀ bá yọ, ẹ fi í han àwọn ọmọ yín, kí ẹ sì ri igi mọ́ ibẹ̀, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.