Ẹ̀kọ́: Ìṣirò Owó Ilé fún Ìyá tí Ó Fẹ́ Gba Físà

Ibi kíkà: Lúùkù 14:28–30; Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 5:1–11

Ẹ̀yin ìyá wa nínú Olúwa, bí ọmọ wa bá bímọ ní Ìlú Ọba, ọkàn wa kì í balẹ̀ títí a ó fi fojú kan ọmọ-ọmọ wa. Físà ìbẹ̀wò ni à ń tọrọ, oṣù 6 ló sì sábà máa ń jẹ́. Nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀ wọn yóò bi wá pé: èló ló ń wọlé lóṣù? Èló ni à ń ná? Èló ni à ń fún ẹbí? Èló ni ìrìn àjò náà yóò gbà, ta ni yóò sì san án? Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ jókòó ṣírò, bí Jésù ti kọ́ wa nípa ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, àbá ni yóò máa dá.

1. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀
Ẹ fa ilà sí àárín ìwé: owó tó wọlé lápá kan, owó tó jáde lápá kejì. Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ní Ìṣẹ̀rì Olówóra, tó ń ta ata ní Mile 12, ṣe àpẹẹrẹ. Èrè ọjà ₦150,000. Owó ayálégbé ₦40,000. Àpapọ̀ ₦190,000. Oúnjẹ ₦70,000, ọkọ̀ ₦25,000, ìrànlọ́wọ́ ẹbí ₦21,000, ìdámẹ́wàá ₦19,000, iná àti omi ₦15,000, oògùn ₦10,000. Àpapọ̀ ₦160,000. Ó ṣẹ́ ku ₦30,000. Ẹ kíyè sí i pé èrè ni a kọ, kì í ṣe gbogbo owó tí a pa lọ́jà.

2. Ẹ jẹ́ kí báńkì jẹ́rìí sí i
Ọ̀pọ̀ nínú wa, ọwọ́ alájọ ni owó wa ń gbà lọ. Káàdì alájọ nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹ ti máa fi owó sí báńkì ní nǹkan bí oṣù 6 ṣáájú. ₦30,000 lóṣù yóò di ₦180,000. Bí ₦5,000,000 bá ṣàdédé balẹ̀ síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù, ta ni yóò gbà pé owó ata ni?

3. Ẹ má yá owó fi bojú
Ẹ̀ṣẹ̀ Ananíà àti Sàfírà kì í ṣe pé owó wọn kéré; irọ́ tí wọ́n pa lórí rẹ̀ ni. Bí ọmọ ni yóò san án, kì í ṣe ìtìjú. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ kọ lẹ́tà, kí ó fi ìwé owó oṣù rẹ̀, ìwé báńkì rẹ̀ àti ẹ̀rí ìgbélùú rẹ̀ tì í. Ẹni tí a bá mú pẹ̀lú ìwé èké, wọ́n lè máa kọ̀ fún un fún ọdún 10. Ọmọ-ọmọ tí a fẹ́ lọ gbé pọ̀n yóò ti tó rán níṣẹ́ kí ó tó mọ ìyá àgbà rẹ̀.

Òótọ́ ni pé olóòótọ́ náà lè má rí físà gbà. Ṣùgbọ́n ó lè tún un tọrọ láìsí àbààwọ́n. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.

Ìbéèrè fún ìjíròrò
(a) Èló ló ń ṣẹ́ kù nílé rẹ lóṣù? Báwo ni o ṣe mọ̀?
(b) Kí ni a lè sọ fún arábìnrin tó fẹ́ yá owó fi sí báńkì?

Àdúrà: Olúwa, jẹ́ kí ìwé wa àti ẹnu wa bá ara wọn mu. Àmín.