Naxos: Ẹ Mú Erékùṣù Kan, Kí Ẹ Sinmi

Pátímọ́sì inú Bíbélì ni erékùṣù Gíríìsì tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn yòókù pọ̀ lọ jàra. Àwọn tí ènìyàn ń gbé nìkan lé ní 200. Pípọ̀ yìí ló máa ń kó arìnrìn-àjò sí wàhálà. Ọjọ́ 7 péré ni ó gbà níbi iṣẹ́, síbẹ̀ ó fẹ́ rí Santorini, ó fẹ́ rí Mykonos, ó tún fẹ́ dé Paros. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ó ń di ẹrù, ó ń wá takisí, ó ń dúró nínú oòrùn ní èbúté. Bó bá sì gúnlẹ̀ tán, ó tún ń wá ilé tí yóò sùn sí. Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ jókòó tì í. Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín nìyí, Naxos ni mo bá yín mú.

Naxos ló tóbi jù nínú àwọn erékùṣù Gíríìsì tí wọ́n ń pè ní Cyclades. Àgbẹ̀ pọ̀ níbẹ̀: wọ́n ń gbin pọ̀tétò, wọ́n ń sin màlúù, wọ́n sì ń ṣe wàràkàṣì. Kì í ṣe owó àlejò nìkan ni wọ́n gbójú lé, ìdí nìyẹn tí oúnjẹ ibẹ̀ fi máa ń dùn, tí ilé àti oúnjẹ kò sì wọ́n tó ti Santorini.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ

Ìparí oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà dára. Oṣù Kẹsàn-án ló wù mí jù, torí omi òkun ti lọ́wọ́ọ́wọ́, èrò sì ti dín. Ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, owó ilé á gun òkè, atẹ́gùn àríwá tí wọ́n ń pè ní meltemi á sì máa jà. Bó bá le jù, wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi kúrò ní èbúté. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ìrìn ọkọ̀ àti ìrìn bàálù ìpadàbọ̀ sí ọjọ́ kan náà. Ẹ rí i pé Áténì lẹ sùn sí ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí bàálù yín máa gbéra.

Ìwé ìrìnnà

Ẹni tó ní páṣípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà ló ń gbé. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù 6 ṣáájú ìrìn-àjò, kó má sì dín ní ọjọ́ 15. Wọ́n á béèrè inṣọ́ránsì ìtọ́jú ìlera tó tó 30,000 Yúrò, ó kéré tán. Òfin a máa yí padà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó bàálù.

Bí ẹ ó ṣe débẹ̀

Láti pápákọ̀ òfuurufú Áténì, bọ́ọ̀sì X96 ń lọ sí èbúté Piraeus tọ̀sán-tòru. Ọkọ̀ ńlá máa ń lò ju wákàtí 5 lọ dé Naxos; ọkọ̀ ayára-bí-àṣá kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ owó rẹ̀ wọ́n jù, ìjì sì máa ń mì ín. Ọkọ̀ ńlá ni kí ẹ wọ̀. Ẹ lè jókòó síta lókè, kí ẹ máa wo àwọn erékùṣù bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ. Èbúté Piraeus fẹ̀ púpọ̀: ẹ wo nọ́ńbà géètì lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín, kí ẹ sì tètè débẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá ń sún mọ́ Naxos, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí ni ẹnu ọ̀nà kan tí kò ní ilé. Portara ni wọ́n ń pè é. Òkúta mábù ni, ó ga tó mítà 6, ó sì dá dúró lórí ilẹ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté. Ní nǹkan bí ọdún 530 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ tẹ́ńpìlì tí ẹnu ọ̀nà yìí jẹ́ tirẹ̀, wọn ò sì kọ́ ọ parí. Nírọ̀lẹ́, ẹ rìn lọ síbẹ̀ kí ẹ wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀ láàárín ẹnu ọ̀nà náà. Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀, torí ìgbì máa ń ta omi sójú ọ̀nà.

Ibi tí ẹ ó sùn sí

Bí ẹ ò bá fẹ́ wa mọ́tò, ẹ gba ilé ní Chora, olú ìlú erékùṣù náà, tàbí ní etíkun Agios Georgios tí ẹsẹ̀ lè gbé yín dé láti ibẹ̀. Omi rẹ̀ kò jìn, ó dára fún ọmọdé. Bọ́ọ̀sì ń lọ láti èbúté sí Agios Prokopios, Agia Anna àti Plaka, níbi tí iyanrìn ti pọ̀ tó sì funfun.

Bí ọjọ́ yín ṣe lè lọ

“Siga siga” kì í kúrò lẹ́nu àwọn ará Gíríìsì: díẹ̀díẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ wẹ̀ lókun láàárọ̀, kí ẹ sì sùn lọ́sàn-án bí àwọn onílé ṣe ń ṣe. Ẹ má pariwo láàárín aago 3 sí 5. Aago 9 alẹ́ ni oúnjẹ alẹ́ máa ń dùn jù. Ẹ pè é sáàárín tábìlì, kí gbogbo yín jọ jẹ ẹ́: pọ̀tétò díndín, wàràkàṣì graviera, ẹja yíyan. Wíwọ̀n ni wọ́n ń wọn ẹja tà. Ẹ béèrè iye kí wọ́n tó sè é. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lo ata, ẹni tí kò lè ṣe láìsí rẹ̀, kó mú ata gígún díẹ̀ dání.

Ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún òkè. Ní abúlé Halki, ilé ìpọntí Vallindras wà níbẹ̀ láti ọdún 1896. Ewé igi kan tó jẹ́ ìbátan ọsàn ni wọ́n fi ń pọn ọtí tí wọ́n ń pè ní kitron. Aláwọ̀ ewé ló dùn jù, aláwọ̀ ìyeyè ló le jù.

Ẹ fi sọ́kàn

“Ne” lẹ́nu wọn, bẹ́ẹ̀ ni ni; rárá ni “ochi”. Ẹ bo èjìká àti orúnkún kí ẹ tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Inú garawa ni wọ́n ń ju bébà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112.

Ní Apollonas, lápá àríwá, ère ọkùnrin kan tó gùn ju mítà 10 lọ ṣì dùbúlẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ, òun náà kò parí. Láti ọ̀nà jíjìn ni àwọn ènìyàn ti ń wá wò ó, bí wọ́n ṣe ń wá wo Portara. Bí ẹ ò bá lè rí gbogbo ohun tí ẹ kọ sílẹ̀, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Naxos ti ń tọ́jú ohun tí kò parí.