Àkànní, Kí O Tó Sáré

Òkè-Kotó,
Agége, Èkó.
Ọjọ́ 9, oṣù Kọkànlá, 2025.

Àkànní ọmọ mi,

   

Ìwé tí o fi rán Ìyanu ọmọbìnrin rẹ sí mi tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ẹ̀yin méjìlá ní ilé iṣẹ́ yín ní Ọba Akran ti kó ara yín jọ, ẹ fẹ́ sá màrátọ́ọ̀nù Èkó ní oṣù Kejì, kí ẹbí àti ọ̀rẹ́ dá owó lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan, kí owó náà lọ síbi ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ. Bàbá rẹ pè mí, ẹ̀rín ló ń rín: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bi ọmọ yìí pé kí ló ń lé e." Àwọn àgbà kúkú sọ pé a kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún, bí a ò bá lé ejò, ejò ń lé ni. Mo mọ ejò tí ẹ̀ ń lé ju bí bàbá rẹ ṣe rò lọ. Ma débẹ̀. Òun ló jẹ́ kí n mú bírò, torí ọ̀rọ̀ náà kò gba fóònù.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ara.

Èmi náà sáré ní Ìkẹjà. Ní 1984 tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì, aago méje àárọ̀ ni fèrè ń dún. Bó bá ti dún tán, wọ́n á ti géètì, ẹni tó kù síta ti pàdánù owó ọjọ́ náà nìyẹn. A ó bọ́ sílẹ̀ ní Mángòrò, a ó sọdá rélùwéè, a ó ká ìró sókè, a ó kó bàtà sọ́wọ́, ó di eré. Àwọn tó bá bẹ́ láti ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì ni èémí máa ń já mọ́ nínú ká tó débì kan. Obìnrin tó gbọ́n nínú wa a máa rìn kánmọ́kánmọ́ títí tí yóò fi rí géètì lọ́ọ̀ọ́kán. Ìgbà yẹn ni yóò tó tú ẹsẹ̀ ká, òun náà ni yóò sì kọ́kọ́ wọlé.

Kìlómítà 42 àti mítà 195 kì í ṣe eré géètì. Láti ọjọ́ 6, oṣù Kejì, 2016 tí wọ́n ti kọ́kọ́ sá a, láti Pápá Ìṣeré ní Sùúrùlérè lọ sí Eko Atlantic ní Victoria Island, afárá Third Mainland ló máa ń tú àṣírí àwọn tó fi ìwàǹwára bẹ̀rẹ̀. Afárá náà gùn tó kìlómítà méjìlá ó dín díẹ̀. Kò sí igi níbẹ̀, kò sí òjìji, oòrùn á máa wò ọ́ lókè, ọ̀sà á máa wò ọ́ nísàlẹ̀. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni kí o fi wọ̀ ọ́, bí imú ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ń wọgbà. Ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀ ti tó. Kí ọjọ́ kan nínú wọn jẹ́ ti eré gígùn, kí ìyókù jẹ́ eré jẹ́jẹ́, irú èyí tí o lè máa bá ọ̀rẹ́ rẹ sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Bí o bá fẹ́ fi kún un, má jẹ́ kó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí o sá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, dín in kù, kí ara sinmi. Ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ òru bá kàn ọ́, oorun ni kó ṣáájú eré. Ẹni tó ti orí ẹ̀rọ bọ́ sójú títì láìsùn, tírélà ni yóò jí i.

Mo mọ ọ̀nà Ọba Akran ní aago márùn-ún àárọ̀. Òórùn búrẹ́dì ń jáde láti ilé àwọn oníbúrẹ́dì, àwọn tírélà tò síbi kan láìtan iná, dánfó ń bọ̀ láti Pen Cinema bí ẹni pé ọ̀run ló ń lọ. Ẹ wọ aṣọ tó ń tàn. Ẹ kọjú sí ọkọ̀, ẹ má kẹ̀yìn sí i. Bí eruku ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀run, ẹ fi eré ọjọ́ náà sílẹ̀. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Omi díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa mu lójú ọ̀nà, kí iyọ̀ sì wà níbì kan nínú ohun tí ẹ̀ ń mu, torí omi lásán ní àmujù náà a máa pa eléré. Mo sì gbọ́ pé ẹ̀yin ọ̀dọ́ a máa gbé oògùn ara ríro mì kí ẹ tó sáré, kí ara má baà ro yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Kíndìnrín ló ń san owó rẹ̀.

Ó kan ti owó.

O mọ̀ pé èmi ni alájọ àwa obìnrin tó ń di bísíkíìtì sínú páálí. Ọgbọ̀n ni wá. Fún ọdún mẹ́rìndínlógún, kọ́bọ̀ ẹnì kan kò sọnù, kì í sì í ṣe pé mo jẹ́ áńgẹ́lì. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì tí a bá gbowó, mo máa ń ṣí ìwé mi, ma ka orúkọ kọ̀ọ̀kan àti iye tó dá sókè kí gbogbo wọn gbọ́. Àpótí mi kò ní kọ́kọ́rọ́ tó ju ìyẹn lọ. Ẹ̀yin náà, ẹ ra ìwé. Ẹ ṣí àkáǹtì tí ẹni mẹ́ta yóò jọ máa fọwọ́ sí. Kí ẹ tó gba náírà kan, ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣe ìwádìí náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín ohun tí wọn yóò fi owó ṣe. Owó aṣọ, owó bàtà, owó bọ́ọ̀sì, ẹ dá a láti àpò ara yín. Ẹni tó fún yín lówó nítorí aláìsàn kò ní kí ẹ fi ra fílà.

Irú nǹkan báyìí kì í ṣe tuntun láyé. Ní 1988, bàbá kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Bruce Cleland, tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mú ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré, kó èèyàn 38 jọ láti sá màrátọ́ọ̀nù New York. 322,000 dọ́là ni wọ́n rí kó jọ. Láti ara àwọn 38 yẹn ni ẹgbẹ́ ńlá tó ń kọ́ eléré nítorí ìwádìí àrùn náà ti jáde. Ẹ̀yin méjìlá kò kéré jù.

Àkànní, mo ti débi ejò náà báyìí.

Ní 1999, mo ń wẹ̀, ọwọ́ mi kan kókó kan lábẹ́ ọmú òsì, kò tóbi ju èkùrọ́ lọ. Kò dùn mí. Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn àdúgbò ní wàrà ló dì, pé ẹni ọdún 38 kéré sí irú àìsàn yẹn. Èmi náà fẹ́ gbà á gbọ́, mo sì gbà á gbọ́. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi gbààwẹ̀, tí mo fi mu àgbo. Nígbà tí wọ́n wá dárúkọ rẹ̀ fún mi, gígé ló kù. Wọ́n gé ọmú náà. Wọ́n ní kí n máa wá fún iná ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà bàjẹ́ láàárín, a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ilẹ̀ Ìfọ́ tí mo tà, tí bàbá rẹ kò tìtorí rẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ fún ọdún méjì, ibi ìtọ́jú yẹn ni owó rẹ̀ lọ. Ó rò pé mo fi ìpín mi nínú ilẹ̀ bàbá wa kó owó fún ọkọ mi. Mo jẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n pè mí ní onínàákúnàá ju kí wọ́n dárúkọ àìsàn yẹn mọ́ mi. Ọgbẹ́ inú ni mo sọ fún gbogbo ayé pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ rẹ̀ fún mi. Mo di àkísà sínú kọ́mú, mo padà sídìí iṣẹ́.

Obìnrin kan wà tó máa ń jókòó tì mí, nọ́ńbà kọkàndínlógún nínú ìwé àjọ mi. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ó ní ọgbẹ́ inú ló ń ṣe òun. Mo ní, "Pẹ̀lẹ́, tèmi náà nìyẹn." Ẹ̀yìn ìsìnkú rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé ọmú ni. Odidi ọdún kan la fi jókòó ti ara wa, tí apá ń kan apá, tí oníkálùkù di àkísà mọ́ àyà, tí a jọ ń purọ́ ọgbẹ́ inú fún ara wa. Ká ní mo ṣí aṣọ mi fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ó tún kù: a máa bá ti ẹlòmíràn dákẹ́ pẹ̀lú.

Bí mo ṣe ń pa á mọ́ yìí, ọmọkùnrin kan ní Kánádà tó ń jẹ́ Terry Fox ti fi tirẹ̀ hàn lójú gbogbo ayé ní 1980. Jẹjẹrẹ eegun ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá sáré fún ọjọ́ 143, kìlómítà 5,373, kí àrùn náà tó dé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ṣòkòtò péńpé ló wọ̀. Kò fi nǹkan kan bo ẹsẹ̀ náà. Wọ́n rí i, wọ́n sì dáwó.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé, ní ìbẹ̀rẹ̀, ìwádìí kò ju kíkà lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń kọ àwọn alárùn jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Àwọn tó wá síwájú dókítà nìkan ni wọ́n rí kọ. Ìṣirò 2022 tí àjọ ìwádìí jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde sọ pé ó lé ní 127,000 ọmọ Nàìjíríà tí àrùn náà mú lọ́dún náà, tí ó sì pa èyí tó lé ní 79,000. Ìṣirò ni, kì í ṣe kíkà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, torí àwọn bí èmi pọ̀. Oṣù mẹ́jọ ni n kò fi sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó jẹ́ kí a ka àwọn ló là wá lójú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Ọlọ́pàdé, tó jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1980, tó wà ní Chicago, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn, fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin wa wò. Àwọn ló jẹ́ kó hàn pé jẹjẹrẹ ọmú a máa mú àwọn obìnrin tiwa nígbà tí ọjọ́ orí wọn kò tíì tó ti òyìnbó, àti pé ó sábà máa ń jẹ́ irú tí oògùn họ́mónù kò ràn. Ká ní ọ̀rọ̀ yìí ti dé etí nọ́ọ̀sì mi ni, kò ní sọ pé mo kéré. Ní 2018, wọ́n gbé iṣẹ́ mìíràn jáde lórí àwọn aláìsàn tó lé ní 1,100: nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́jọ ló jogún àbùkù tó ń fa àrùn náà. Obìnrin lè gbà á lọ́wọ́ ìyá, ó sì lè gbà á lọ́wọ́ bàbá.

Ibẹ̀ ni oorun ti dá lójú mi. Mo rò pé ara mi nìkan ni mo bò. Èmi àti bàbá rẹ, ọmọ ìyá àti bàbá kan ni wá. Fúnmi àbúrò rẹ ti pé 34. Kí ó lọ rí dókítà, kí ó sọ pé ẹ̀gbọ́n bàbá òun ní jẹjẹrẹ ọmú ní ọdún 38. Kí ó sọ ọ́ báyìí gan-an. Ìyanu ti pé mẹ́wàá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2023 fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ẹ jẹ́ kó gbà á. Èso ìwádìí nìyẹn náà. Mo ti rí ilé jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣí ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà, ní 2019, mo wo àwọn ẹ̀rọ rẹ̀, mo rántí bẹ́ǹṣì mi, mo sunkún.

Nítorí náà, ẹ má kọ "àìsàn burúkú" sí aṣọ yín. Ẹ kọ JẸJẸRẸ gàdàgbà, kí àwọn obìnrin tó ń jáde láti géètì ní aago mẹ́rin lè kà á, kí ọ̀kan nínú wọn lè dá yín dúró bi yín ní nǹkan. Bí ẹnì kan bá dúró, ìwọ náà dúró. Ìdánrawò ọjọ́ yẹn lè dúró.

Bàbá rẹ kò tíì gbọ́. Ọjọ́ Sátidé ni mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ fún un. Jọ̀ọ́, má ṣáájú mi.

Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni mo dá lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ ẹgbàá mọ́kànlélógún. Ó wà nínú àpò ìwé yìí, kà á lójú Ìyanu. Ti mítà 195 tó kù ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tí o bá mú ìwé owó yín wá sí pálọ̀ mi, tí bàbá rẹ jókòó, tí o sì ka gbogbo orúkọ sókè, ni ma san án.

Bí o bá sì dé orí tèmi, má kọ "ẹni tí kò fẹ́ ká dárúkọ òun." Kọ ọ́ báyìí:

Àbẹ̀kẹ́, Màmá Agége, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.