Ẹ̀kọ́ Kọkànlá: Ìdáhùn Tí Fọ́ọ̀mù Ti Yàn Sílẹ̀

Nínú àwọn ẹ̀kọ́ tó ṣáájú, a ti kọ́ bí a ṣe ń kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti ọjọ́ ìbí sínú fọ́ọ̀mù onípépà. Lónìí a ó wo fọ́ọ̀mù orí fóònù àti ti kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá lè ka ti pépà lè ka ti fóònù. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ti fóònù tí kò sí nínú ti pépà, òun ni a fẹ́ mọ̀ dáadáa.

Bí ẹ kò bá kọ nǹkan kan sí ojú ìlà nínú fọ́ọ̀mù onípépà, ojú ìlà náà á ṣófo. Akọ̀wé tó gba fọ́ọ̀mù á rí i, á sì pè yín padà pé, "Mà, ẹ ò kọ ìjọba ìbílẹ̀ yín síbí." Lórí fóònù, ojú ìlà lè má ṣófo rárá. Kí ẹ tó fi ọwọ́ kàn án, ìdáhùn kan ti wà níbẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ yàn án. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má tilẹ̀ rí i. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì ìparí, fọ́ọ̀mù á gbé ìdáhùn yẹn lọ bí ẹni pé ẹnu yín ló ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí èyí ti máa ń ṣẹlẹ̀. Àpótí kékeré kan ni, ó ní àmì bí orí ọfà tó kọjú sísàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, orúkọ púpọ̀ á já sílẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, ẹ ó sì mú ọ̀kan nínú wọn. A ó máa pè é ní àpótí àṣàyàn. Ìdáhùn tó ti wà lójú àpótí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ ni a ó máa pè ní àyànsílẹ̀.

Báwo ni àyànsílẹ̀ ṣe dé ibẹ̀? Èdè tí a fi ń kọ ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ni à ń pè ní HTML. Ní ọdún 1995, nígbà tí wọ́n tẹ ẹ̀dà kejì òfin èdè náà jáde, ohun tí wọ́n kọ nípa àpótí yìí kò le: bí ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù kò bá sọ ìdáhùn tó fẹ́ kó kọ́kọ́ hàn, èyí tó wà lókè pátápátá ni kó hàn. Bí ó bá fẹ́ kí òmíràn hàn, á kọ ọ̀rọ̀ kan, selected, sí ara rẹ̀. Gbogbo àdììtú rẹ̀ nìyẹn. Èèyàn ló ń pinnu rẹ̀, tàbí èèyàn ló gbàgbé láti pinnu rẹ̀.

Ta ló máa ń wà lókè pátápátá? Ẹ rántí pé ní ọ̀nà a, b, c ni wọ́n ń to orúkọ. Nínú ìpínlẹ̀ 36 ti Nàìjíríà, Abia ló ń ṣáájú. Lagos wà ní ipò kẹrìnlélógún. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Agege ló ń ṣáájú. Ibeju-Lekki, tí í ṣe ìjọba ìbílẹ̀ wa ní Awoyaya, wà ní ipò kẹsàn-án. Ẹ ò rí i pé ará Agege rọ́wọ́ mú: bí ó bá tilẹ̀ sùn lọ nídìí fọ́ọ̀mù, fọ́ọ̀mù á ṣì sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Àwa ará Awoyaya kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ìyá kan ń ta ẹja yíyan ní ọjà Awoyaya. Ó fẹ́ kọ orúkọ sílẹ̀ fún nǹkan kan, ó sì lọ bá ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní kafé. Ọmọ náà ń yára, nítorí èrò pọ̀ lẹ́yìn.

"Ìyá, mo ti ṣe é tán. Ẹ mú owó wá, mà."

"Ọmọ mi, dúró ná. Ka ohun tó wà níbẹ̀ sí mi létí."

"Gbogbo rẹ̀ ló pé, mà. Fọ́ọ̀mù ti fẹ́ gbà á."

"Fọ́ọ̀mù lè gbà á, èmi ò tíì gbà á. Ìjọba ìbílẹ̀ wo lo kọ?"

Ọmọ náà wo ojú kọ̀ǹpútà. "Háà! Agege ló wà níbẹ̀. Ẹ má bínú, mà."

Ìyá yìí ṣe dáadáa. Kì í ṣe pé ọmọ náà fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ. Òun kò fi ọwọ́ kan àpótí yẹn ni, àpótí sì dáhùn fúnra rẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹni tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ INEC láti dìbò ní láti sọ ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, wọ́ọ̀dù àti ibùdó ìdìbò rẹ̀. Láti ọdún 2021 ni àjọ náà ti ń jẹ́ kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó tó lọ tẹ ìka níwájú òṣìṣẹ́ wọn. Bí ibùdó ìdìbò èèyàn bá bọ́ sí Agege tí òun sì ń gbé Awoyaya, báwo ni yóò ṣe débẹ̀ lọ́jọ́ ìdìbò, nígbà tí ìjọba kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn fàlàlà? Ìbò onítọ̀hún ti ṣòfò nìyẹn, àfi bí ó bá ti tètè bẹ INEC kí wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ wá sí itòsí ilé.

Ohun kan tún wà tó kan àdúgbò wa. Nínú àpótí ìjọba ìbílẹ̀, Eti-Osa ló wà lókè Ibeju-Lekki gan-an, wọ́n sún mọ́ra bí eyín. Ìka tó bá yọ̀ díẹ̀ lórí fóònù á mú Eti-Osa. Ẹni tí kò gbé àdúgbò yìí, tó ń bá yín kọ fọ́ọ̀mù, á rò pé kò sí ìyàtọ̀. Ìyàtọ̀ wà! Ajah àti Sangotedo wà ní Eti-Osa. Bí ọkọ̀ bá kọjá Sangotedo tó dé Abijo àti Awoyaya, ó ti wọ Ibeju-Lekki. Bí ẹ bá sì padà sókè láti tún orúkọ ìpínlẹ̀ ṣe, ẹ tún wo àpótí ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ó lè ti padà sí orúkọ tó wà lókè.

Ọjọ́ ìbí ló tún le jù. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ló máa ń fi ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní hàn. Àwọn àgbàlagbà wa kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀, tí wọ́n sì mú ọjọ́ yẹn fúnra wọn. Èyí kò burú, àwọn ló yàn án. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, tó sì jẹ́ kí fọ́ọ̀mù bí i lẹ́ẹ̀kejì, ti ra ìyọnu. Ọ̀fẹ́ ni gbígba nọ́ńbà NIN. Àtúnṣe ọjọ́ ìbí lórí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́: ní ọdún 2025 àjọ NIMC sọ owó rẹ̀ di ₦28,574. Ẹ wo iye agbọ̀n ẹja tí ìyẹn jẹ́. Bí ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN kò bá sì bá èyí tó wà ní báǹkì mu, ẹ ó máa lọ, ẹ ó máa bọ̀.

Ṣé ó wá yẹ kí a mú àyànsílẹ̀ kúrò pátápátá? Rárá o. Ó wúlò ní àyè tirẹ̀. Fọ́ọ̀mù ilé-ìwé kan ní Awoyaya tó bá ń béèrè orílẹ̀-èdè, kí ló dé tí àwọn òbí yóò fi máa bẹ̀rẹ̀ láti Afghanistan kí wọ́n tó dé Nàìjíríà? Kí ẹni tó ṣe é fi Nàìjíríà síbẹ̀. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ń gbé orúkọ orílẹ̀-èdè tiwọn lọ sókè pátápátá, kí ìka ará ibẹ̀ má baà re.

Níbi tí ìdáhùn bá ti yàtọ̀ láti ẹnì kan sí ẹnì kejì, tí àṣìṣe rẹ̀ sì ń ná èèyàn lówó, èmi kò fara mọ́ ọn. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, mo mọ olùkọ́ kan tó máa ń fi àmì "ó wà" síwájú orúkọ gbogbo ọmọ kí ó tó gbé ojú sókè wo kíláàsì, lẹ́yìn náà ni yóò máa pa ti àwọn tí kò wá rẹ́. Ní ọjọ́ tí ó bá gbàgbé láti parẹ́, ọmọ tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní títì ti wà ní kíláàsì nìyẹn. Bí àyànsílẹ̀ ọjọ́ ìbí tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀ ti rí nìyẹn gẹ́lẹ́. Kódà fọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe ní Awoyaya kò gbọ́dọ̀ yan Ibeju-Lekki sílẹ̀, nítorí ọmọ ń ti Sangotedo wá sí ilé-ìwé níbí.

Bí ẹ bá ní ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ fi ìpínrọ̀ yìí hàn án. Kí ó fi ìlà òfìfo sókè pátápátá nínú àpótí, kí ó kọ "Ẹ yan ọ̀kan" síbẹ̀, kí ó sì kọ ọ̀rọ̀ náà, required, sí ara àpótí. Bí ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù kò bá yan nǹkan kan, fọ́ọ̀mù á kọ̀, kò ní lọ. Ìlà tó ṣófo tún ti di ìlà tó ṣófo padà, gẹ́gẹ́ bíi ti pépà.

Òfin pàápàá ti dá sí ọ̀ràn tó jọ èyí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ àgbà àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù sọ nínú ẹjọ́ kan tó ti Jámánì wá pé àpótí tí wọ́n ti fi àmì sí ṣáájú kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọdún 2023, sọ bẹ́ẹ̀ náà: ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ onítọ̀hún wá, kì í ṣe láti inú ohun tí ẹlòmíràn ti yàn sílẹ̀ fún un. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àmì "mo gbà" tí ẹ̀yin kò fi síbẹ̀, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti yọ ọ́.

ÌDÁNRAWÒ

Ẹ ní kí ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n yín ṣí fọ́ọ̀mù kan lórí fóònù. Ẹ má tíì kọ nǹkan kan sí i. Ẹ ka gbogbo ohun tó ti wà níbẹ̀ sókè, kí ẹ sì kọ èyí tí kì í ṣe òótọ́ nípa yín sínú ìwé yín.

Ẹ kọ orúkọ ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ àti ọjọ́ ìbí yín sí ojú ìwé kékeré kan, lọ́nà tí fọ́ọ̀mù ń gbà kọ wọ́n, kí ẹ máa mú un lọ sí kafé.

Arákùnrin kan ń gbé Sangotedo, ó sì ń ṣòwò ní Awoyaya. Fọ́ọ̀mù béèrè ìjọba ìbílẹ̀ tí ilé rẹ̀ wà. Ibeju-Lekki ti wà lójú àpótí. Kí ni kí ó ṣe?