Ọ̀rọ̀ Àjò, Ọ̀rọ̀ Ìran

"Àlá" ni ohun tí ènìyàn ń rí lójú oorun. Ó lè dára, ó lè burú. A lè gbàdúrà kí ó ṣẹ, a sì lè bẹ Ọlọ́run kí ó yí i padà. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń lé kiri lójú méjèèjì tó là sílẹ̀. Nítorí náà, gbólóhùn bí "àlá mi ni láti lọ wo Ife Àgbáyé" tàbí "ìrìn-àjò àlá mi ni Rio" jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí a wọ dàńṣíkí fún. Àgbàlagbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè béèrè pé òru ọjọ́ wo ni wọ́n lá a, àti ta ni wọ́n rọ́ ọ fún.

Ọ̀rọ̀-ìṣe "wù" ló ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi "àlá" ṣe. Ohun tí ọkàn ń fà sí ni olùwà rẹ̀, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà ni àbọ̀: "Wimbledon wù mí", "ó wù mí kí n fojú mi rí Wimbledon". Ẹni tó bá yí i sódì, tó ní "mo wu Wimbledon", ohun tó sọ ni pé ìdíje tẹ́níìsì tó ti wà láti ọdún 1877 ń wá òun kiri. Irú oríire bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. "Èròńgbà" tún ju wíwù lọ, nítorí ètò wà nínú rẹ̀. Ẹni tí Ife Àgbáyé wù lè má ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó ní èròńgbà láti lọ ti ń tọ́jú owó pamọ́, ó sì ti ń wá ìwé ìrìnnà.

Ohun tí ènìyàn fẹ́ rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó tó fi ayé sílẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ tí wọ́n ń gbà sọ ọ́. Yorùbá kì í fẹ́ dárúkọ ikú gbàgàdà síbi tí wọ́n ti ń sọ ohun tó dùn. "Kí n tó kú" kò ṣàìtọ̀nà, ṣùgbọ́n ó gbóná lẹ́nu. "Kí ọlọ́jọ́ tó dé" àti "kí n tó jẹ́ ìpè" rọ̀ jù ú lọ, èyí tó sì wọ́pọ̀ jù ni kí a yí ọ̀rọ̀ náà sí àdúrà: "Bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, ó wù mí kí n fẹsẹ̀ tẹ pápá Maracanã." Pápá Maracanã yìí ni Uruguay ti na Brazil ní 2 sí 1 lọ́dún 1950, ọdún tí wọ́n ṣí i gan-an.

Lẹ́yìn wíwù ni lílọ. "Lọ" àti "rè" jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n òfin wọn yàtọ̀. "Lọ" lè dá dúró: "ó ti lọ". Bí a bá fẹ́ dárúkọ ibi tí ẹni náà forí lé, "sí" ló sábà máa ń tẹ̀lé e: "ó lọ sí Louisville". "Rè" kì í dá dúró, kò sì fẹ́ "sí" rárá: "ó re Louisville", "ó re àjò", "ó relé". Ẹni tó bá wí pé "ó re sí Lọ́ńdọ̀nù" ti da òfin méjèèjì pọ̀. Ohùn ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ń yí. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ a di ohùn àárín, ṣùgbọ́n nínú ìbéèrè bí "Níbo lẹ̀ ń rè?", níbi tí ọ̀rọ̀ tó dúró fún ibi tí wọ́n ń lọ ti ṣíwájú, ohùn ìsàlẹ̀ a padà sípò rẹ̀.

"Àjò" fúnra rẹ̀ ní ìpadàbọ̀ nínú. Òwe tó sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé fi èyí hàn kedere. Ẹni tó lọ sí Paris fún ọ̀sẹ̀ méjì torí tẹ́níìsì re àjò. Ẹni tó ti fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé láti ogún ọdún kò sí lájò mọ́, ìdálẹ̀ ló wà. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn tún máa ń ṣì lò ni "òkè òkun". Ó di dandan kí òkun wà láàárín kí ibì kan tó jẹ́ òkè òkun. Nígbà tí Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire pàdé ní Abidjan ní oṣù Kejì ọdún 2024 láti parí ìdíje Ife Ilẹ̀ Áfíríkà, ẹni tó bá wọkọ̀ láti Èkó, tó gba Kùtọnu, Lomé àti Accra dé ibẹ̀, kò sọdá òkun kankan. Ẹ̀yìn odi ló lọ. Odi ìlú ni "odi" inú ọ̀rọ̀ yìí, gbogbo ohun tó bá sì wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó gbà, ì báà jìnnà, ì báà má jìnnà. (Côte d'Ivoire ló gba ife náà, 2 sí 1.)

Ti "ìrìn-àjò afẹ́" kò le. "Afẹ́" ni ìgbádùn, òun ló wà nínú "gbafẹ́". Àwọn tó ń kọ ọ́ ní "ìrìn-àjò afẹ́fẹ́" ti sọ arìnrìn-àjò di ewé tí ìjì ń gbé lọ.

Bí ènìyàn bá dé ibi tó ń lọ, ọ̀rọ̀ ìran ló kù. "Rí", "wò" àti "wòran" kò jọra. Ojú lè ṣèèṣì rí nǹkan. Ẹni tó bá wo nǹkan ló mọ̀ọ́mọ̀ kọjú sí i. "Mo rí Tobi Amusan ní Eugene" lè túmọ̀ sí pé wọ́n pàdé ní ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà. "Mo wo eré rẹ̀ ní Eugene" ló sọ pé ẹni náà wà lórí ìjókòó ní oṣù Keje ọdún 2022, nígbà tí ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde náà fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sá eré ọgọ́rùn-ún mítà tí wọ́n ti ń fo ìdènà. Ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn kọ ọ́ nígbà náà pé ó "fọ́ rẹ́kọ́dù ayé". Ìkòkò àti dígí ni Yorùbá ń fọ́. Pé ó sá eré tí ẹnikẹ́ni kò sá rí, gbólóhùn yẹn já gaara, ó sì yé ọmọdé.

"Wòran" ni kí a wo ìran, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà ti pé fúnra rẹ̀: "wọ́n lọ wòran". Ẹni tó ń ṣe é ni òǹwòran. Òǹwòran kì í ṣe alátìlẹ́yìn. Alátìlẹ́yìn ti yan ẹ̀gbẹ́ kan kí ó tó dé, ó wọ aṣọ wọn, ó sì lè sunkún bí wọ́n bá fìdí rẹmi. Òǹwòran kò ní ẹnì kan nílẹ̀. Ìran ló wá wò. Ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour de France, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1903, ni ilé àwọn òǹwòran pọ́ńbélé. Ẹnikẹ́ni kì í sanwó láti dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì. Lórí òkè Alpe d'Huez, tí ọ̀nà rẹ̀ ní kọ́nà 21, àwọn ènìyàn a ti pàgọ́ síbẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìdíje, wọn a jẹun, wọn a sùn, nítorí àwọn agunkẹ̀kẹ́ tí yóò kọjá níwájú wọn wéré. Wọ́n lè wò ó dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ nílé lórí tẹlifíṣàn. Ṣùgbọ́n ìròyìn kò tó àfojúbà, ìdí nìyẹn tí Yorùbá fi ní "fojú gán-án-ní" lọ́tọ̀ fún ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí.

"Àrímáleèlọ" ni orúkọ ìyìn fún ìran tí ènìyàn rí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó yẹ kí a máa ṣọ́ ibi tí a ń lò ó. Ìdíje ẹṣin Kentucky Derby, tó bẹ̀rẹ̀ ní Louisville lọ́dún 1875, tí wọ́n sì sábà máa ń ṣe ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Karùn-ún, kì í ju bí ìṣẹ́jú méjì lọ. Ìran àpéwò ni, àwòyanu ni, ṣùgbọ́n kí òǹwòran tó ronú àtilọ, ó ti parí. Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ni orúkọ yẹn. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, àwọn régbérégbé a jáde ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, olúkúlùkù pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n jọ dá. Àwọn ìdílé Balógun a gun ẹṣin tí wọ́n ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ìbọn a máa dún, wọn a wá kí Awùjalẹ̀. Ilẹ̀ a ṣú bá ẹni tó ní òun fẹ́ wo díẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni ìyàtọ̀ láàárín orúkọ àwọn eré ti hàn. Ẹṣin wà ní Louisville, ẹṣin wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ṣùgbọ́n eré-ìje ni ti Louisville: wọ́n ń sáré láti mọ ẹni tó yá jù. Ní Ojúde Ọba, wọ́n ń fi ẹṣin dárà ni. Ẹni tó pè é ní eré-ìje ṣe àṣìṣe. "Ìdíje" gbòòrò ju eré-ìje lọ. Ibikíbi tí àwọn ènìyàn bá ti ń du ipò, ìdíje ni, ì báà jẹ́ orin tàbí ìjàkadì. "Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀", ọ̀rọ̀ tó dùn lẹ́nu àwọn oníròyìn eré ìdárayá, kò gbòòrò bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ wà nínú rẹ̀, bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá ló sì bá a mu. Wọ́n ti ń lò ó fún tẹ́níìsì àti ẹ̀ṣẹ́ kíkàn báyìí, níbi tó jẹ́ pé ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́. "Ìdíje" tàbí "ìpàdé" kò ní bà á jẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ ìborí, torí pé ìjàkadì àti ọpọ́n ayò ti wà kí bọ́ọ̀lù tó dé. Nínú ìjàkadì, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ ló ṣubú. Láti ibẹ̀ ni "fẹ̀yìn alátakò janlẹ̀" ti wá. Ọpọ́n ayò ló fún bọ́ọ̀lù ní "àmì ayò", òun náà ló fún un ní "ọ̀mì". Bí ọmọ ayò tí àwọn méjì jẹ bá dọ́gba, wọ́n ta ọ̀mì. "Ta" ni ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀, nítorí títa ni à ń ta ayò. Wọ́n lè gbá bọ́ọ̀lù láti àárọ̀ dalẹ́, wọn kò lè "gbá ọ̀mì".

Àṣìlò tó wọ́pọ̀ jù níhìn-ín ni àsọdùn. "Gbo ewúro sí i lójú" lágbára. Ẹni tí omi ewúro bá kán sí lójú mọ bó ṣe ń ta. "Lù ú bí ẹní lu bàrà" tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kùmọ̀ ni wọ́n fi ń lu bàrà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tí Jámánì na Brazil ní 7 sí 1 ní Belo Horizonte lọ́dún 2014, wọ́n lù wọ́n bí ẹní lu bàrà. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn fún un. Ṣùgbọ́n ní Olympics ọdún 1996, nílùú Athens ní ìpínlẹ̀ Georgia, Brazil ló kọ́kọ́ ń fi 3 sí 1 ṣíwájú Nàìjíríà kí ọ̀rọ̀ tó yí padà, àfikún àkókò ni Kanu sì ti gbá ẹ̀kẹrin wọlé tí eré fi parí sí 4 sí 3. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé Nàìjíríà lu Brazil bí ẹní lu bàrà kò wo eré náà. Nàìjíríà jáwé olúbori, ó tó bẹ́ẹ̀. "Fàgbà hàn" wà fún ẹni tó fi ìmọ̀ eré borí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Gbégbá orókè" sì dára jù níbi tí àwọn tó ń du ipò ti pọ̀, bí ẹṣin tó ṣíwájú nínú ogún ẹṣin.

Ní Olympics kan náà yẹn ni Nàìjíríà gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà méjì: Chioma Ajunwa tó fò jìnnà dé mítà 7.12, àti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Àwọn kan kọ ọ́ báyìí pé "Naijiria gba goolu meji". Láìsí àmì ohùn, mẹ́ta ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ wúrà méjì. Ó lè jẹ́ pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù méjì sáwọ̀n. Ó sì lè jẹ́ pé méjì wọlé wọn, èyí tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ nínú ìpàdé àṣekágbá tí wọ́n fi 3 sí 2 borí Argentina. Èdè tó ti ní "wúrà" àti "fàdákà" tipẹ́tipẹ́ kò nílò wàhálà yìí. Kí a fi "góòlù" sílẹ̀ fún bọ́ọ̀lù.

Bí arìnrìn-àjò bá wá padà dé, "ẹ kú àbọ̀" ni àwọn ará ilé yóò sọ, wọn yóò sì fi "ẹ kú ewu ọ̀nà" kún un. Wọn kò gbọdọ̀ gé ìkejì yìí kúrú. "Ẹ kú ewu" láìsí "ọ̀nà" ni wọ́n ń kí ìyá ọmọ tuntun tàbí ẹni tí orí yọ nínú ìjàǹbá, ṣùgbọ́n ẹni tó lọ wo bọ́ọ̀lù tó sì dé láyọ̀ kò sí nínú méjèèjì.