Ṣé igi inú ọkọ̀ bàbá mi ti jẹrà ni?

Ìbéèrè: Bàbá mi tó dolóògbé ló fi Mercedes V-boot ọdún 1988 kan sílẹ̀ fún mi. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dún dáadáa, àmọ́ igi aláràbarà tó yí ọ̀pá jíà ká ti funfun, ó sì ti là káàkiri. Káfíńtà kan ní igi náà ti jẹrà, kí n yọ ọ́ dànù. Mẹkáníìkì mi ní kí n máa fi òróró nù ún, yóò padà dúdú. Ẹnì kan tó ń ta ike alátè tó jọ igi ní òun á fi bò ó lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mi ò fẹ́ ba ohun tí bàbá mi fẹ́ràn jẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn?
Ọmọ Ọlọ́kọ̀, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ẹ ṣe dáadáa tí ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, nítorí igi tó jẹrà àti fánísì tó gbó jọra púpọ̀ lójú. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí, ó jọ pé kò sí ohun tó ṣe igi yín. Fánísì orí rẹ̀ ló là.

Zebrano ni wọ́n ń pe igi náà. Àárín ilẹ̀ Áfíríkà ló ti ń hù, ní Kamẹrúùnù àti Gàbọ́ọ̀nù, ìlà ara rẹ̀ tó dà bíi ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìtòsí wa níbí ló ti lọ sí Jámánì kó tó wá bá wa padà nínú ọ̀bọ̀kún. Kì í ṣe odidi pátákó ni wọ́n lò o. Awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni, tí kò nípọn tó mìlímítà kan. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìpìlẹ̀ tó le, wọ́n wá da fánísì tó mọ́ gaara lé e.

Oòrùn tó ń gba gíláàsì iwájú wọlé lọ́dọọdún máa ń mú kí fánísì yẹn gan. Igi ní tirẹ̀ kì í dúró sójú kan: ó ń wú lásìkò òjò, ó ń súnkì nígbà ọyẹ́. Fánísì tó ti gan kò lè bá a lọ bá a bọ̀ mọ́, ló bá sán. Afẹ́fẹ́ tó há sí ibi tó sán ni ojú wa ń rí bíi funfun. Ẹ rò ó bíi dígí fọ́tò tó fọ́: àwòrán inú rẹ̀ ṣì wà lódindi.

Kí ó lè dá yín lójú, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi èékánná há ibi tó là díẹ̀. Bí ohun tó ṣí bá mọ́ gaara, tàbí tó pọ́n rúsúrúsú bí ìpẹ́ ẹja, fánísì ni. Bó bá ní àwọ̀ igi, tàbí tí ojú igi wú sókè bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi, a jẹ́ pé káfíńtà yín jàre.

Mẹkáníìkì yín kò purọ́. Òróró á wọ inú ibi tó sán, funfun náà á sì lọ fún ọjọ́ mélòó kan. Àmọ́ òróró yẹn gan-an ni kò ní jẹ́ kí fánísì tuntun dì í mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn dídán tí wọ́n ń fín sí dáṣíbọ́ọ̀dù: silicone tó wà nínú púpọ̀ nínú wọn máa ń mú kí fánísì tuntun dá ihò róbótó-róbótó. Bí ẹ bá ti lo èyíkéyìí rí, ẹ sọ fún ẹni tó máa ṣe é, kó fọ̀ ọ́ kúrò kó tó mú sánpépà. Ní ti ike alátè, ibi tó là á hàn lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó sì tún ṣiṣẹ́ kí ẹ tó rí àtè rẹ̀ ṣí.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú igi náà kúrò nínú ọkọ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ yọ orí bátìrì, kí ẹ sì ya fọ́tò wáyà àwọn bọ́tìnnì wíńdò kí wọ́n tó fà wọ́n. Ooru díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣí fánísì àtijọ́, pẹ̀lú ohun ìhá oníke, kì í ṣe ọ̀bẹ. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Ooru àpọ̀jù á yọ́ àtè abẹ́ igi, sánpépà àpọ̀jù á sì gba inú awẹ́ náà já. Kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe sí ìyẹn mọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ sánpépà kankan sún mọ́ ọn. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi ṣe é, pẹ̀lú sánpépà 320, kí wọ́n máa tọ ìlà igi lọ, kí wọ́n sì dáwọ́ dúró gbàrà tí fánísì bá tán.

Clear tí àwọn pẹ́ńtà ọkọ̀ ń pò mọ́ hardener ni kí wọ́n fín sí i, torí ó ń fara da oòrùn ju fánísì àga lọ. Kí wọ́n fín in tó ìgbà márùn-ún, kí wọ́n máa fi sánpépà olómi 600 yún un láàárín, kí wọ́n parí rẹ̀ pẹ̀lú 1500 àti 2000. Èéfín rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, ẹni tó ń fín in gbọ́dọ̀ lo ìbòmú tó yẹ, nítorí náà ẹ má ṣe é nílé. Ẹ sì dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀rinrin àsìkò òjò lè mú kí fánísì tuntun tún funfun látilẹ̀.

Bí awẹ́ igi bá ti já dànù níbi tó fẹ̀, tàbí tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kán, ìgbà yẹn ni pípààrọ̀ tó yẹ. Ọjà Ládìpọ̀ ní Mushin ni mo máa kọ́kọ́ wò. Gbogbo igi ara ọkọ̀ kan náà ni kí ẹ rà pọ̀, nítorí bí oòrùn ṣe pa ti ọkọ̀ kan kọ́ ló ṣe pa ti òmíràn.

Ẹ tún ní láti mú àwọ̀ kan. Oòrùn ti mú kí igi yín ṣá, clear nìkan kò sì ní dá àwọ̀ rẹ̀ padà. Wọ́n ní láti fi aró igi díẹ̀ sí i kí wọ́n tó fín in. Ẹ má gba àwọ̀ tí wọ́n bá kàn fojú díwọ̀n. Tí wọ́n bá ti yọ bọ́tìnnì wíńdò, ẹ wo etí igi tí bọ́tìnnì bò mọ́lẹ̀. Oòrùn kò débẹ̀ rí. Àwọ̀ tí bàbá yín mọ̀ ṣì wà níbẹ̀, òun ni kí ẹ fi han pẹ́ńtà.