Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: KÍ LÓ BA ÌTỌ́JÚ OLÙRAJÀ JẸ́ LỌ́DỌ̀ ÀWỌN TÓ Ń TA ẸRÙ AGÙNKÈ NÍ AMẸ́RÍKÀ?

  

Òkèèrè ni ẹ̀kọ́ tí a mú wá lóṣù yìí ti wá, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ pé kò kàn wá. Ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò kan ní Amẹ́ríkà ni, àwọn tó ń ta ẹrù fún àwọn tó ń gun òkè àti àwọn tó ń lọ pàgọ́ sínú igbó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ní orúkọ rere nítorí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú oníbàárà. Ní báyìí, àwọn oníbàárà wọn kan ń ráhùn pé ìtọ́jú náà kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ká wo ibi tó ti wọ́, ká sì wo ohun tí àwa lè mú níbẹ̀.

IRÚ ỌJÀ TÍ WỌ́N Ń TÀ

Lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń lo ìsinmi wọn lórí òkè tàbí nínú igbó, tí wọ́n á sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ méjì mẹ́ta. Fàájì ni wọ́n kà á sí. Wọ́n á ra bàtà tó nípọn, àgọ́ tó ṣeé ká, báàgì ńlá tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, kóòtù òjò, okùn tí wọ́n fi ń gun àpáta, àti sítóòfù kékeré tí wọ́n fi ń se oúnjẹ. Ọjà olówó gọbọi ni.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Bí bàtà bá há, ẹsẹ̀ á bó níbi tí kò sí mọ́tò tó máa gbé èèyàn. Bí kóòtù bá ń jò, òtútù lè pa ẹni tó wọ̀ ọ́. Bí okùn bá já, ó parí nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó ń ta irú ọjà yìí gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń tà, kò sì gbọdọ̀ purọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta àgbo àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta ohun jíjẹ, ẹ ẹ̀ rí i pé ó jọ tiyín?

BÍ WỌ́N ṢE NÍ ORÚKỌ RERE

Ọkùnrin kan wà ní ìpínlẹ̀ Maine tó ń jẹ́ Leon Leonwood Bean. Ó fẹ́ràn ọdẹ ṣíṣe, omi sì máa ń wọ inú bàtà rẹ̀. Ó ṣe bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, tí òkè rẹ̀ jẹ́ awọ. Ní 1912 ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ọdẹ kí wọ́n wá rà á. Nínú 100 bàtà àkọ́kọ́ tó tà, 90 ló padà wá bá a, nítorí pé awọ àti rọ́bà já kúrò lára ara wọn. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe: ó dá owó wọn padà fún wọn, ó yá owó, ó tún bàtà náà ṣe títí tó fi dára. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ L.L.Bean ti dìde. Ní 1951 wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn ní ìlú Freeport sílẹ̀ tọ̀sán tòru, kí ọdẹ tó ń kọjá lóru lè rí ohun tó fẹ́ rà.

Èkejì ni REI, ní ìlú Seattle. Ẹ̀yin alájẹṣẹ́kù, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ní 1938, Lloyd Anderson àti Mary ìyàwó rẹ̀ kó àwọn agùnkè ẹgbẹ́ wọn jọ, gbogbo wọn jẹ́ 23. Wọ́n dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n lè jọ máa ra irinṣẹ́ òkè oníyìnyín láti Yúróòpù ní owó tó rọjú. Dọ́là kan ni owó ìwọlé. Bí ọdún bá yí po, wọ́n á pín nínú èrè padà fún ọmọ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí kálukú rà. Jim Whittaker wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà síṣẹ́. Òun ni ọmọ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó dé ṣóńṣó òkè Everest, ní 1963. Ẹ rò ó wò ná: ẹni tó ń bójú tó okùn tẹ́ ẹ fẹ́ rà ti fi okùn gun òkè tó ga jù láyé. Bó bá ní èyí dára, ta ló máa bá a jiyàn?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlérí kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe: bí ọjà wa kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, gbé e padà wá. Wọn kò dá ọjọ́ sí i.

IBI TÓ TI WỌ́

Àwọn oníbàárà kan ló kọ́kọ́ bà á jẹ́. Ẹni tó ti fi bàtà rin ìrìn fún ọdún mẹ́wàá, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán, á gbé e wá pé kò tẹ́ òun lọ́rùn, kí wọ́n fún òun ní tuntun. Àwọn míì lọ ra àlòkù L.L.Bean ní owó táṣẹ́rẹ́, wọ́n wá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti fi gba tuntun. Ní ti REI, àwọn èèyàn tiẹ̀ ń fi lẹ́tà orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà".

Kí ló gbẹ̀yìn rẹ̀? Ní 2013, REI fi ààlà sí i: ọdún kan fún ọmọ ẹgbẹ́, 90 ọjọ́ fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ní oṣù Kejì 2018, L.L.Bean náà ní ọdún kan ni, kí èèyàn sì mú rìsíìtì dání. Wọ́n ní láàárín ọdún márùn-ún, dọ́là mílíọ̀nù 250 ló bá àwọn ọjà àdápadà tí kò ṣeé tà mọ́ lọ. Àwọn olóòótọ́ tí kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ rí náà bá wọn jìyà rẹ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn aládùúgbò ló bá a ru igbá náà.

Àmọ́ ká má di gbogbo ẹ̀bi ru oníbàárà. Ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tún wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2022, àwọn tó ń ta ọjà ní ṣọ́ọ̀bù REI kan ní New York dìbò, 88 sí 14, pé àwọn fẹ́ ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Inú ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí oníbàárà lè máà dùn sí ẹni tó gbà á síṣẹ́. Ní oṣù Kẹwàá 2023, REI dá òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù 275 dúró. Ní oṣù Kìíní 2025, wọ́n ti ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní gígun òkè, tó sì ń mú èèyàn rìnrìn àjò pa, èèyàn 428 sì pàdánù iṣẹ́. A kò sọ pé wọ́n ya ìkà. Àdánù ńlá ni wọ́n jẹ ní 2023. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọ ọjà bá lọ, ta ló kù tó máa sọ fún ẹni tó wá ra bàtà pé, "Èyí há ọ, mú ìkejì"? Ká kàn gbé ọjà kalẹ̀ ká gba owó, kọ̀ǹpútà àti fóònù ń ṣe ìyẹn, wọ́n tún ń gbé e dé ilé. Ẹnu àti ìmọ̀ ọlọ́jà ni ṣọ́ọ̀bù fi jù wọ́n lọ. Ìyẹn gan-an ni wọ́n sì ń gé kúrò.

GBÒǸGBÒ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ

Nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ 23, wọ́n mọ ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé bàtà tó ti gbó wá, ojú á tì í, torí pé owó Lloyd àti Mary ló fẹ́ jẹ. Mánéjà náà kò sì lè fi èèyàn ṣòfò, torí pé wọ́n jọ ń gun òkè ni. Lónìí, ọmọ ẹgbẹ́ náà lé ní mílíọ̀nù 20. Oníbàárà kò mọ ẹni tó ń rẹ́ jẹ, ọlọ́jà kò mọ ẹni tó ń já kulẹ̀. Níbi tí ojú kò bá ti tini mọ́, ìlérí kò lè dúró.

Àwa ṣì rí ara wa lójú. Bí oníbàárà bá padà wá, ó mọ ìsọ̀ wa, a mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Ọrọ̀ ni o. Ẹ má jẹ́ ká fi ṣeré.

OHUN TÁ A LÈ MÚ LÒ

Kìíní, mọ ọjà rẹ, kó o sì kọ́ ọmọ tó ń bá ọ tà á. Ọmọ tó jókòó ti ọjà tó ń tẹ fóònù, tí kò mọ aṣọ tó máa ń ṣí àti èyí tí kì í ṣí, oníbàárà ló ń lé fún ọ.

Èkejì, ìlérí tó ní ààlà sàn ju èyí tí kò ní ààlà lọ. Sọ ọ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wọn: "Bẹ́ ẹ bá rí ihò lára ẹ̀, ẹ gbé e wá láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má gé e o." Àwa kan kọ ọ́ sára ìsọ̀ pé ọjà tí a bá tà kì í padà. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé òfin ìdáàbòbò olùrajà ti 2018 ní Nàìjíríà fún olùrajà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tí kò dára padà. Pátákó kò lè borí òfin.

Ẹ̀kẹta, wò ó bóyá ó ṣeé tún ṣe. Ilé iṣẹ́ Patagonia, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, ní ibi ńlá kan ní ìlú Reno tí wọ́n ti ń bá oníbàárà tún aṣọ ṣe. Bọ́tìnnì tó já tàbí ojú rírán tó tú kò tó ohun tá a máa tìtorí rẹ̀ pàdánù oníbàárà. Kí télọ̀ tó wà nítòsí wa bá wa fi nǹkan díẹ̀ ṣe é.

Ẹ̀kẹrin, kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu wọn. Bí ẹnì kan bá dé pé, "Màmá, aṣọ tẹ́ ẹ tà fún mi ti ya o," má tètè sọ pé, "Kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi lo ti rà á." Sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ jókòó ná, ẹ jẹ́ ká wò ó." Ohùn tútù ní í yọ obì lápò.

Ẹ̀karùn-ún, má fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan jẹ gbogbo ayé níyà. Ẹni tó fi léèsì jó lóde lọ́jọ́ Sátidé, tó gbé e padà wá lọ́jọ́ Ajé, tí òórùn ọbẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀, òun nìkan ni kó o dá lóhùn pé rárá. Kó o fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kó o dúró lórí rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

1. Ọjọ́ mélòó ló yẹ kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan fi gba ọjà tó ní àbùkù padà? Ṣé ti aṣọ àti ti ohun jíjẹ lè jẹ́ bákan náà?
2. Bí ọjà bá ti bàjẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹni tá a ti rà á lápapọ̀, ta ló yẹ kó jẹ àdánù rẹ̀?
3. Àwọn ọmọ tó ń bá wa tajà, kí là ń fún wọn tí inú wọn á fi dùn sí oníbàárà?

Ẹ bá àwọn tó wà nítòsí ìsọ̀ yín jíròrò rẹ̀ kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Ẹni tí kò bá lè kàwé, ẹ kà á sí i létí. Ọjà á tà o, a ò ní rí àdánù.

Akọ̀wé ẹgbẹ́